Fèrèsé Tó Kẹ̀yìn sí Òpópónà

Ọdún mẹ́tàlélógójì ni mo fi kórìíra fèrèsé kan. Ẹ dákun, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn kórìíra ọ̀gá ibi iṣẹ́ rẹ̀, ẹlòmíràn kórìíra ìyá ọkọ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè. Tèmi, fèrèsé ni. Ó wà nínú yàrá tí mo gbé dàgbà nílé bàbá mi, bàbá mi ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe irin tó wà lójú rẹ̀.

Wẹ́dà ni bàbá mi. Géètì, àga irin, irin tí wọ́n fi ń dí ojú fèrèsé kí olè má baà wọlé, gbogbo rẹ̀ ló ń ṣe, iṣẹ́ rẹ̀ sì mọ́. Tó bá jó irin méjì pọ̀, tó yún ojú rẹ̀ tán, ẹ lè fọwọ́ pa á títí, ẹ ò ní mọ ibi tí wọ́n ti pàdé. Kò sí ilé kan ládùúgbò wa tí ẹ ò ní rí iṣẹ́ rẹ̀: ti òmíràn ní òdòdó, ti òmíràn ní ewé, ti ìyá oníbúrẹ́dì tó wà ní òdìkejì wa tilẹ̀ ní ẹyẹ méjì tó kọjú síra wọn. Ó wá ku ti èmi ọmọ bíbí inú rẹ̀. Irin méje ló fi dábùú u, òmíràn nípọn, òmíràn tín-ín-rín, wọn ò tò lẹ́sẹẹsẹ. Ó wá jó òrùka irin mọ́ wọn káàkiri, kékeré níbí, ńlá lọ́hùn-ún, bíi pé ẹnìkan da bọ́tìnnì sílẹ̀ tí kò ṣà á. Nígbà tó máa gbé e sójú ògiri, ó tún gbé e kọ́dì. Irin fèrèsé ní ojú, ó ní ẹ̀yìn. Ojú máa ń dán, òun là ń kọ síta kí ará òde lè rí iṣẹ́. Ẹ̀yìn ni kókó ibi tí iná ti jó o máa ń wà, inú ilé là ń kọ ọ́ sí. Tèmi, kókó ló kọ síta. Ìyá oníbúrẹ́dì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

"Ẹ wo wẹ́dà o!" ló ń pariwo. "Fèrèsé ọmọ ara ẹ̀ ló gbé kọ́dì!"

Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí nígbà náà. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí ojú ṣe máa ń ti ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Kí n tó sọ bó ṣe débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìyá mi. Ó kú nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje. Ohun tí mo rántí nípa rẹ̀ ò pọ̀: òórùn ọṣẹ, ọwọ́ rẹ̀ nínú irun mi, àti orin kan. Láàárọ̀, kí n tó lọ sílé ìwé, á fi mí sáàárín orúnkún rẹ̀, á máa ya mí lórí, á máa kùn. Orin náà ò ní ọ̀rọ̀. Kò kọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, òun ló ṣe é fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn tó kú, mo rò pé mo mọ̀ ọ́n, àfi ọjọ́ kan tí mo lanu láti kọ ọ́ tí n kò rí i mọ́. Ó ti lọ. Mo bi ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. "Orin wo?" lèsì tó fún mi. Mo bi ìyá oníbúrẹ́dì, ó ní ìyá mi kì í kọrin níta. N kò bi bàbá mi. Nílé wa, a kì í dárúkọ ìyá mi lójú rẹ̀, nítorí tí a bá dárúkọ rẹ̀, á dìde nídìí oúnjẹ, á jáde. Torí orin yẹn ni mo ṣe di tíṣà orin, bí mo tilẹ̀ ń sọ fáwọn èèyàn pé mo kàn fẹ́ràn iṣẹ́ náà ni.

Ariwo irin jẹ etí bàbá mi díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí mo wà ní ọdún kẹta ní girama, a máa ń pè é lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dáhùn. Ó lọ rí dókítà elétí. Dókítà ní kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, pé bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní ju ọdún méjì lọ tí etí náà máa dí pátá. Bàbá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó padà sídìí iṣẹ́. Ta ni ì bá bọ́ wa?

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo wà nídìí tábìlì, mò ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n fún wa nílé ìwé. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wa ní àmì orin ni, ìlà márùn-ún àti àwọn àmì dúdú onírù tó máa ń jókòó lé wọn. Mo gbọ́n lójú ara mi lọ́dún yẹn, ẹ ò lè mọ̀. Bàbá mi dúró sẹ́yìn mi, ó ń wo ìwé náà. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí," ó ní, "ṣé lóòótọ́ ni pé tí wọ́n bá kọ orin sínú ìwé báyìí, ẹni tí kò gbọ́ ọ rí lè kọ ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Bí ẹni tó ni ín bá ti kú ńkọ́?"

"Bó ti wù kó pẹ́ tó, Bàbá. Ohun tí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn."

Ó fa àga, ó jókòó. "Orin kan wà lórí mi. Bá mi kọ ọ́ sílẹ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ẹ̀yin èèyàn mi, ká má parọ́, bàbá mi ò lóhùn. Kò lóhùn kí etí rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dí, ká tó wá sọ ìgbà tí kò gbọ́ ara rẹ̀ dáadáa mọ́. Ohùn náà ń há, ó ń gbọ̀n, ó ń lọ sókè níbi tó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀. Mo fi bírò sórí ìwé, n kò rí ohun kan mú. Ó tún un kùn. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi.

"Bàbá, èyí kì í ṣe orin o. Ariwo ẹ̀rọ ni."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kì í ṣeé kó. Bàbá mi wo ojú mi bíi pé ó ń wá nǹkan níbẹ̀ tí kò sì rí i. Ó dá àga padà síbi tó ti fà á, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọ̀rọ̀ orin ò tún wáyé láàárín wa mọ́.

Ìgbà náà ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ fi ṣọ́ọ̀kì ya nǹkan sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ó pa á rẹ́. Ó kan ìṣó mọ́ pákó, ó tú u. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa irin. Á mú irin kan, á fi eyín di orí rẹ̀ mú, á fi òòlù kékeré lu ìdí rẹ̀, á di ojú. Tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́, á mú òmíràn. Níta gbangba ló ti ń ṣe é, lójú gbogbo ẹni tó ń kọjá, oṣù kan gbáko. Ìyá oníbúrẹ́dì ló fún un lórúkọ: Ajẹrin. Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn títí dòní. Nílé ìwé, wọ́n ń bi mí bóyá iyọ̀ tó nínú irin tí a jẹ lánàá. Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì.

Nígbà tí oṣù náà parí ló gbé fèrèsé yìí wá. Ó gbé e kọ́dì sójú yàrá mi bí mo ṣe sọ, ó rẹ́ ẹ mọ́ ògiri, ó wá dúró, ó ń retí.

"Bàbá, kí lèyí?"

"Ìwọ lo mọ ìwé orin," ó ní.

Mo rò pé ó ń gbẹ̀san ẹ̀rín ọjọ́sí ni. Mo bú sẹ́kún. Mo ta kọ́tìnnì bo fèrèsé náà lọ́jọ́ yẹn gan-an, n kò ká a sókè mọ́ títí mo fi kúrò nílé lọ́mọ ọdún méjìdínlógún. Nígbà yẹn, bí dókítà ṣe wí ló rí. Bí ẹ yìnbọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi, kò ní yíjú.

Adití tó bá mọ̀wé, wọ́n lè kọ nǹkan fún un. Bàbá mi ò mọ̀wé. Ohun tó kù fún un ò ju ẹnu wa tó ń wò àti ọwọ́ tí à ń jù lọ, nǹkan kékeré lèèyàn sì lè fọwọ́ sọ: oúnjẹ ti délẹ̀, òjò ń bọ̀, ẹnìkan ń kànlẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ bèèrè pé, "Bàbá, kí lẹ̀ ń rò?" Àwọn oníbàárà rẹ̀ kọ́kọ́ ń pariwo sí i. Nígbà tó yá, ó sú wọn, wọ́n wá wẹ́dà tó ń gbọ́rọ̀ lọ. Ó gbé rédíò rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá jẹun, ó ní òun ò fẹ́ kí oúnjẹ àwọn èèyàn tutù nítorí òun. Nígbà tó wá pa ṣọ́ọ̀bù tì, ó gbé àga irin kan sábẹ́ fèrèsé yàrá mi níta, ibẹ̀ ló ń jókòó sí láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Á gbé ẹ̀yìn orí ti irin, á di ojú. A rò pé ibòji ló ń jẹ níbẹ̀.

Èmi ń wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. N óò kúnlẹ̀ kí i, á gbé ọwọ́ lé mi lórí, n óò gbé ohun tí mo rà kalẹ̀, a óò jókòó. Kò ní tó wákàtí kan tí mo máa bẹ̀rẹ̀ sí í wo aago. Kì í ṣe pé n kò nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. N kò mọ ohun tí mo lè fi ọwọ́ sọ fún un lẹ́yìn "ṣé ara le" ni. Èmi náà ò lọ́kọ nílé mọ́, ọmọ mi kan ṣoṣo wà lókè òkun, mò ń gbé yàrá méjì pẹ̀lú dùùrù kan tí mo máa ń nù lójoojúmọ́. Ẹ máa rò pé ó yẹ kí àwa méjèèjì rí ọ̀rọ̀ bá ara wa sọ. A ò rí i.

Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi tó ń bá Bàbá gbé pè mí lórí fóònù.

"Tíṣà, máa bọ̀ nílé o. Orí Bàbá ti dàrú."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rọra sọ̀rọ̀."

"Kí n rọra kẹ̀? Mo fẹ́ yọ àwọn irin tó ti dípẹtà lójú fèrèsé, kí n fi gíláàsì ìgbàlódé sí i. Mẹ́fà ni gbogbo ẹ̀. Márùn-ún, Bàbá ò sọ nǹkan kan. Ìkẹfà, tìẹ yẹn, ó jókòó tì í, ó mú òòlù dání! Ẹni ọdún mẹ́rinlélọ́gọ́rin! Àwọn onígíláàsì ti sá lọ, wọ́n ní àwọn máa padà wá lọ́jọ́bọ̀. Wá bá a sọ̀rọ̀."

"Èmi ẹ̀wẹ̀? Ìgbà wo la sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn?"

"Ìwọ ṣáà wá. Kò jẹun dáadáa mọ́ láti bí oṣù mẹ́ta, n kò fẹ́ bá a fa ọ̀rọ̀."

Mo dé lọ́jọ́ Ajé, inú mi ò dùn sí ìrìn náà rárá. Bàbá wà lórí àga rẹ̀ níta, òòlù wà lórí itan rẹ̀. Ó ti fọn, ọrùn rẹ̀ ò kún kọ́là ẹ̀wù mọ́. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ kó lè rí ẹnu mi dáadáa, mo sọ̀rọ̀ níkọ̀ọ̀kan.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́. Kò wúlò mọ́."

Ó wo ẹnu mi. "Ṣé o ti kà á?"

"Kà kí ni?"

Ó fi ìdí òòlù kan irin tó wà lẹ́yìn rẹ̀. "O ti ń fi ìwé orin kọ́ ọmọ ọlọ́mọ láti ogójì ọdún wá. Ṣé o ti ka èyí? Tí o bá kà á tán, kí wọ́n máa gbé e lọ. N kò ní bá ẹnikẹ́ni jà."

Mo wo irin méje yẹn, mo wo àwọn òrùka. Ọ̀rọ̀ tó ti wà lórí mi láti ọdún mẹ́tàlélógójì ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé mi. Bí ẹni tó ni ín bá ti kú ńkọ́? Orin ta ló tún lè wà lórí bàbá mi tó máa fẹ́ kọ sílẹ̀ kí etí rẹ̀ tó dí? Áà, Tíṣà! Tíṣà olórí kunkun!

"Orin ta ni, Bàbá? Ṣé orin..."

Ó di ojú. Tí adití bá ti di ojú, ó ti tìlẹ̀kùn nìyẹn.

Mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi kó dá àwọn onígíláàsì dúró. Ó ní tí n kò bá rí nǹkan kan sọ nípa rẹ̀ títí Ọjọ́bọ̀, àwọn máa yọ ọ́, Bàbá á sì gbàgbé. Ọ̀rọ̀ onígíláàsì gan-an kọ́ ló bà mí lẹ́rù. Ọrùn Bàbá tí kò kún kọ́là mọ́ ni. Ẹnìkan ṣoṣo láyé ló mọ ìwé yìí kà, ó sì ti ń lọ. Tó bá lọ, ohùn ìyá mi á di irin lásán.

Mo mú ìwé àti pẹ́ńsù, mo dúró lójú òpópónà, mo ya gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe rí. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, mo ti mọ díẹ̀. Òrùka kékeré ò pẹ́, òrùka ńlá pẹ́ ní ìlọ́po méjì. Níbi tó ti fi iná lọ́ irin bí okùn, wọ́n ń mí níbẹ̀. Mo pàtẹ́wọ́ rẹ̀, ó rìn bí orin. Inú mi dùn. Ó wá ku ohùn. Mo fi dò sórí irin ìsàlẹ̀, mo gùn ún lọ sókè títí dé tì, bí tíṣà èyíkéyìí ṣe máa ṣe. Mo kọ ọ́.

Ìyá oníbúrẹ́dì, tó ti darúgbó báyìí, yọ orí láti ojú fèrèsé ẹlẹ́yẹ méjì rẹ̀.

"Tíṣà, ṣé inú ń run yín ni?"

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo yí i padà. Mo ní bóyá irin tó nípọn ló ni ohùn tó wúwo, tín-ín-rín ló ni ohùn òkè. Mo kọ ọ́, ó tún burú ju ti àná lọ. Mo kà á láti òsì, mo kà á láti ọ̀tún, mo kà á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Bàbá jókòó síbẹ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn, ó ń wo ẹnu mi bó ṣe ń là tó ń pa dé. Lẹ́ẹ̀kan, mo wò ó bíi kó ràn mí lọ́wọ́. Ó kàn gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà bí ọmọ tí wọ́n lé jáde ní kíláàsì. Àwọn èèyàn ń kọjá, wọ́n ń kí mi, mò ń dáhùn. Kò sí ẹnì kan lára wọn tí mo lè sọ fún pé ìyá mi wà nínú irin yẹn tí n kò lè yọ ọ́. Ó pẹ́ tí mo ti dá wà, ṣùgbọ́n n kò tíì dá wà tó bẹ́ẹ̀ rí.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, ìyá oníbúrẹ́dì fi ọ̀pá rẹ̀ sọdá wá, ó gbé búrẹ́dì gbígbóná kan fún mi. Ó tẹ́jú mọ́ fèrèsé.

"Mo ti fi ẹnu mi yìí bá bàbá yín ṣeré jù," ó ní. "Ṣùgbọ́n Tíṣà, ẹ jẹ́ kí n bi yín. Gbogbo fèrèsé tí wọ́n ṣe ládùúgbò yìí, èwo ni wọ́n tún gbé kọ́dì?"

"Kò sí, Mà."

"Ẹ̀ẹ́n. Ohun tí mo ń rò láti àná nìyẹn. Ọwọ́ wọn ò gbọ̀n nígbà yẹn o. Wọn ò sì mutí."

Mo yíjú sí fèrèsé náà. Wẹ́dà kì í ṣàṣìṣe yẹn. Ó mọ̀ pé ojú ni wọ́n ń kọ sí ẹni tó máa rí iṣẹ́. Ó kọ ojú sí ẹni tó ṣe é fún. Òpópónà ló kẹ̀yìn sí, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo sì ti ń kà láti ọjọ́ Ajé, èmi tí wọ́n ń pè ní Tíṣà!

Mo sáré wọ yàrá. Bẹ́ẹ̀dì mi àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ti kó páálí lé e lórí. Mo kó wọn sílẹ̀, mo ká kọ́tìnnì náà sókè, eruku bò mí. Ojú irin náà rèé. Ó dán. Kò sí kókó kan lára rẹ̀. Ó ti yún gbogbo òrùka lọ́kọ̀ọ̀kan kó má baà ha ọmọ lọ́wọ́. Ojú tì mí.

Mo fẹ̀yìn lélẹ̀ síbi tí mo máa ń sùn sí, mo bẹ̀rẹ̀ láti òrùka àkọ́kọ́ lápá òsì. Dò, mí, mí, sọ̀. Rárá. Mo gbé dò sórí irin kejì, mo gbé e sórí ìkẹta. Rárá o. Wọ́n ní ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ; ti irin méje yìí ti wá fẹ́ yí mi lórí. Inú bí mi. Inú bí mi sí Bàbá, inú bí mi sí ara mi. Ẹ̀gbọ́n mi ti gbé tíì wá fún mi pẹ̀lú búrẹ́dì náà. Mo fa síbí yọ nínú ife, mo fi gbá irin tó sún mọ́ mi jù lọ.

Ó dún. Ohùn rẹ̀ mọ́ kedere, ó sì pẹ́ kó tó dákẹ́. Mo gbá èyí tó tẹ̀lé e, ohùn mìíràn ni. Mo gbá méjèèje. Ohùn méje ni, wọn ò sì gùn bí àkàbà. Irin tó nípọn ló ń dún lókè, tín-ín-rín ló ń dún wúwo nísàlẹ̀, ohun tí tíṣà orin kankan ò ní rò, tí wẹ́dà sì mọ̀ látàárọ̀ ayé rẹ̀. Oṣù kan tó fi ń fi eyín di irin mú, ohùn ló ń ṣà. Etí rẹ̀ ń lọ, ó ń fi egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ gbọ́ èyí tó kù. Kò kọ àmì orin kankan fún mi láti fi ojú kà. Ó kó àwọn ohùn náà síbẹ̀ fúnra wọn, ó wá fi òrùka sọ èyí tí mo máa lù àti bó ṣe máa pẹ́ tó.

Mo tẹ̀lé òrùka. Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin. Kó tó di ìkarùn-ún, orí ń dùn mí. Mo fọwọ́ kan àárín orí mi, níbi tí ìyá mi ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun mi, níbi tí ìyarun rẹ̀ máa ń fà jù. Ẹnu mi ti ń kun ìyókù kí síbí tó débẹ̀. N kò nílò òrùka mọ́. Mo lù ú dópin, mo ń sunkún bí ọmọ ọdún méje, òórùn ọṣẹ sì kún yàrá. Ẹ má dá mi lóhùn. Ó kún yàrá ni mo sọ.

Nígbà tí mo gbójú sókè, Bàbá wà lójú fèrèsé.

Ẹ rántí pé níta ló jókòó, tó gbé ẹ̀yìn orí ti irin. Ó ti dìde, ó kọjú sí mi, irin méje wà láàárín àwa méjèèjì. Ó sún mọ́ ọn, ó gbé àgbọ̀n lé etí irin náà. Kò léyín mọ́ tí ì bá fi dì í mú.

"Tún un ṣe," ó ní. "O yára jù. Ìyá rẹ kì í yára."

Ó ti di ọdún mọ́kànléláàádọ́ta tí n kò ti gbọ́ "ìyá rẹ" lẹ́nu rẹ̀. Mo nu ojú mi, mo tún un lù, díẹ̀díẹ̀. Bàbá ń fi ìka kan lu férémù tẹ̀lé mi. Níbi tí wọ́n ti ń mí, ó mí.

Ẹ̀gbọ́n mi ti dé ẹnu ọ̀nà yàrá. Ó ti fẹ́ bi mí bóyá mo fẹ́ wó ilé ni. Kò bi mí mọ́. Ó gbé ọwọ́ lé orí ara rẹ̀, ó dúró bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fa fóònù yọ, ó yíjú sí ògiri.

"Ẹ̀yin onígíláàsì? Márùn-ún ni o. Mo ní márùn-ún, kì í ṣe mẹ́fà."

Bàbá ò rí i. Èmi ló ń wò.

"Ọjọ́ tí o rẹ́rìn-ín yẹn," ó ní, "mo rò pé o ti gbàgbé ẹ̀ ni. Mo ní, ọmọ yìí ti gbàgbé ìyá ẹ̀."

Mo mi orí títí ọrùn fi ń ro mí. Báwo ni mo ṣe máa fọwọ́ sọ fún un pé n kò gbàgbé, pé nínú ohùn tirẹ̀ ni n kò ti dá orin náà mọ̀? Mo ki ọwọ́ sáàárín irin, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Mo ń gbọ́ ìrìn rẹ̀ níbí," ó fọwọ́ kan àgbọ̀n rẹ̀. "N kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti kúrò lórí mi, ó ti tó ogún ọdún. Mo kàn ń jókòó tì í ni. Mo mọ̀ pé ó wà nínú irin, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí mo lè bi."

Ó tẹjú mọ́ ẹnu mi bí ẹni tí ẹ̀rù ìdáhùn ń bà.

"Ṣé orin ni?" ó ní. "Àbí ariwo ẹ̀rọ ni?"

Mo sún mọ́ irin kó lè rí mi dáadáa.

"Orin ni, Bàbá."

"Tún un sọ."

Mo tún un sọ.